Ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ fún bí aṣọ, kí ló ṣẹ́ kù nínú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ká wọ ilé ìdáná lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan ti fẹ́ ṣí ojú-ìwé yìí kọjá báyìí, wọ́n á ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ó kàn yín o! Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, tí nọ́ọ̀sì wo ìwé ẹ̀ tó wá ń mirí, onítọ̀hún mọ̀ pé ó kan òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Oyún àkọ́kọ́ ni, ó ti wọ oṣù karùn-ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi wò níbi tó ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n ní PCV rẹ̀ jẹ́ 28. Èmi tí mo ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló jókòó ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá pín ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, iye tó jẹ́ pupa gan-an nínú ẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti pé aláboyún tí tiẹ̀ bá ti wá sísàlẹ̀ 33, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀ nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dà dandan, ẹni tí kò ní púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wàhálà máa ń bá. "Ọ̀gá, ẹ tètè gbé nǹkan ṣe o," bó ṣe sọ fún mi nìyẹn. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún un ní folic acid, wọ́n wò ó bóyá ibà wà lára ẹ̀. Wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, kó sì máa jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí: oyún yẹn ò fẹ́ òórùn epo rárá. Bí mo bá ra ẹ̀fọ́ wálé láti búkà, èyí tí epo ti léfòó lórí ẹ̀ bí odò tó kún, kí n tó ṣí ike ló ti sáré lọ bì. Mo wá rí i pé àfi kí n máa sè é fúnra mi.

Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni? Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan pẹ̀lú sítóòfù kan ní Poli, kò sí ohun tí kò lè sè.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, ìyà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹ ẹ̀fọ́. A á kọ́kọ́ rẹ́ ẹ tán wẹ́wẹ́, ìgbà yẹn la tó máa wá fọ̀ ọ́, omi kìíní, omi kejì, omi kẹrin, títí omi aláwọ̀ ewé yẹn á fi mọ́ kedere. A á da omi gbígbóná tó ní káún lé e lórí, a á dé e pa. Lẹ́yìn náà la máa wá fún un, a á fún un bí ẹni ń fún aṣọ ìléèwé ọmọ, a á sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yẹn la máa jù sínú epo àti ata, a á wá máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀fọ́ tó wọlé bí ọmọge, kó tó dénú àwo, ó ti di ìyá arúgbó.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Folic acid tí wọ́n ń fún aláboyún ní oògùn yẹn, irú ẹ̀ wà nínú ewé tútù látilẹ̀wá, fítámì C náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì máa ń yọ́ sínú omi, iná tó bá sì pẹ́ máa ń bà wọ́n jẹ́. Torí náà, omi tẹ́ ẹ fún dà sí kòtò yẹn, tòun tẹrù ló lọ. Káún tún wá burú sí i fún fítámì C, kíá ló máa ń pa á. Bẹ́ẹ̀ fítámì C yìí ló máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin tó wà nínú ewé, irin yẹn lara sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ ti lé alágbàṣe lọ, ẹ wá ń bínú pé iṣẹ́ ò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dìjà nílé mi o. Ìyá ìyàwó mi wá kí wa ní Agége, wọ́n gbé irú, ẹja gbígbẹ àti káún dání. Wọ́n bá mi ní ilé ìdáná, mo ti fẹ́ da tẹ̀tẹ̀ sínú ìkòkò. Wọ́n wo ọwọ́ mi títí.

"Ọkọ mi, ẹ ò ní bọ̀ ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, Mà."

"Ẹ ò ní fún un?"

"Rárá, Mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ṣé ewúrẹ́ lọmọ mi ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ máa fún un léwé tútù jẹ?"

Ìyàwó mi gbọ́ látinú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jáde wá gbà mí sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Bí mo ṣe sè é rèé. Ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá méjì ni fún àwa mẹ́ta, torí ó máa ń sùn bí iná bá kàn án. Ewé tó dúró gírí ni mo rà, mo já a kúrò lára igi, mo sì fọ̀ ọ́ lódidi kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ bu omi púpọ̀ sí báàfù, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ri ewé sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ kó ewé jáde, ẹ má da òun àtomi pọ̀ sínú asẹ́, torí ẹ ó kàn da yẹ̀pẹ̀ padà sórí ẹ̀ ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa tá à ń gbé Èkó ò gbọdọ̀ ṣọ̀lẹ níbí yìí, torí a mọ ibi tí wọ́n ti ń gbin òmíràn, ẹ̀gbẹ́ títì àti etí gọ́tà. Ẹ gbọ̀n ọ́n kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, kó má sì wẹ́ jù.

Ṣíbí epo pupa méjì ni mo dà sí ìkòkò, ó tó bẹ́ẹ̀. Epo díẹ̀ wúlò, òun ló ń jẹ́ kí ara gba fítámì A tó wà nínú ewé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ̀fọ́ máa wẹ̀ nínú ẹ̀. Mo sọ àlùbọ́sà kan sí i, ata rodo méjì àti tàtàṣé kan tí mo gún gbàràgbàrà, irú ṣíbí kan, ẹja gbígbẹ tí mo ti rẹ, tí mo sì yọ eegun ẹ̀. Mi ò fi tòmáàtì sí i, torí kíkan ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ewé dúdú. Mo jẹ́ kí ata gbẹ dáadáa, kó má lómi mọ́, torí ewé máa mú omi tiẹ̀ wá. Mo wá da ẹ̀fọ́ sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo ń rò ó, mi ò dé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé e! Ewé fúnra ẹ̀ ní kíkan díẹ̀ lára, ooru ló máa ń gbé e jáde, bẹ́ ẹ bá dé ìkòkò, ó tún máa já padà sórí ewé, àwọ̀ ẹ̀ á wá dà bí ewé tábà. Ohun tí ẹlòmíràn fi ń sá di káún nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, mo ti pa iná. Pẹ̀lú bí gáàsì ṣe ń náni lówó yìí, èrè ni.

Mi ò sọ pé gbogbo ewé la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Ewúro tí wọn ò fọ̀ kò ṣeé fẹnu kàn, ewédú àti káún sì ti bára wọn ṣọ̀rẹ́ tipẹ́. Bí tẹ̀tẹ̀ bá ti gbó, tó le, tí ẹ bá rì í sómi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan péré, kò burú. Ṣọkọ ò nílò rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà tó pe ìyẹn ní ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ní ó ń mú ọkọ sanra, wọn ò kàn rántí sọ tìyàwó ni.

Mo bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu sísè fún wọn. Ìyàwó mi jẹ tiẹ̀ tán, kò bì. Ìyá tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún bù ú. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ọbẹ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, a kàn fi ń ti iṣu ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò, ó ti di 32. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé èmi ní ẹ̀fọ́ ló ṣe é o. Oògùn tó ń lò láìfo ọjọ́ kan ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, ẹyin àti ẹja náà sì ṣe tiwọn. Ó tún ti fi tíì tó máa ń mu gbàrà tó bá jẹun tán sílẹ̀, torí wọ́n sọ fún un pé tíì kì í jẹ́ kí ara rí irin gbà. 32 ò tíì pé 33, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sì ń bọ̀. Mo ṣì ń ra tẹ̀tẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálaalẹ́, obìnrin tó ń tà á ní oríta wa ti ń pè mí ní kọ́sítọ́mà.

Lọ́jọ́ tí Ìyá ń padà sílé, mo gbé báàgì wọn dé ibùdókọ̀. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí káún wọn lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n wé e sínú ọ̀rá. Mo tẹ̀ wọ́n láago pé wọ́n gbàgbé ẹrù. Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé nǹkan kan, ká máa fi se ewédú.