Ẹ Jẹ́ Kí Bọ̀dá Kóòṣì Mí Ná

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ní ìdí bẹ́ǹṣì màíṣáyì lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kì í ṣe ìjà. Ìwé kan ni wọ́n ń kà. Ìwé náà ní kí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá yọ kóòṣì básíkẹ́tì wa nípò kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó kéré, kò ní ìrírí, ó sì ti sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù. Kí a tó jẹ indomie wa tán, orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú ti kún ojú ewé kan, wọ́n ti ṣí èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí kan ẹgbẹ́ wa ju bó ṣe kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ, bí kò ṣe pé ọmọ wa ni kóòṣì ọ̀hún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá Kóòṣì là ń pè é. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òun náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọgbà yìí. Ó lọ ṣe agùnbánirọ̀, ó padà wá, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tí kóòṣì àgbà fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìwé yẹn dé ìpàdé wa ọjọ́ Àìkú, ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní ọmọ wa ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bírò. Àwọn kejì ní bí a kò bá buwọ́ lù ú, àwọn ará ibí yóò ní Yorùbá ń gbè sẹ́yìn Yorùbá, nítorí náà kí a tètè buwọ́ lù ú kí ojú má baà tì wá.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ṣìnà. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáàbò bò ó nítorí ibi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, pé ó kéré, pé kò ní ìrírí, ẹ̀sùn kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ni gbogbo wa ti mọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá gbé ọmọdé sípò ti gbà nìyẹn pé òun yóò ní sùúrù títí àkísà rẹ̀ yóò fi pọ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, níbi tí básíkẹ́tì àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti di ohun tí àgbà ọkùnrin ń torí rẹ̀ sunkún ní gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, Yunifásítì Duke, ní ìlú Durham ní ìpínlẹ̀ North Carolina, gba ọkùnrin ẹni ọdún 33 kan ní kóòṣì. Mike Krzyzewski ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ṣòro débi pé ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Duke ní láti sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. (Àwa tí wọ́n ti ń ba orúkọ wa jẹ́ nínú rẹ́jísítà láti pírámárì, a mọ bó ṣe ń rí lára.) Kóòṣì K ni wọ́n wá ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa yóò máa pè é. Ó ti ṣe kóòṣì fún ọdún márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point, ṣùgbọ́n ní sáà tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, ìgbà 9 péré ló borí, ìgbà 17 ni wọ́n nà án. Ẹni tí wọ́n nà nígbà 17 ni Duke gbé wá, Duke tó dé àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà ní 1978! Ká ní ìdí màíṣáyì wa ni, ìwé ìbá ti jáde kí ó tó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́, ó borí nígbà 17, ó pàdánù nígbà 13. Kò burú. Ọdún kejì, ìborí 10, ìpàdánù 17. Ọdún kẹta, ìborí 11, ìpàdánù 17. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: lọ́dún mẹ́ta, ó borí nígbà 38, wọ́n nà án nígbà 47. Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà korò jù ni àwọn aládùúgbò. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló sún mọ́ra níbẹ̀, mọ́tò kì í rìn tó wákàtí kan láàárín wọn: Duke, Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, àti North Carolina State ní Raleigh. Ní 1982, Chapel Hill gba ife. Ní 1983, North Carolina State gba ife, bẹ́ẹ̀ oṣù kan náà ni wọ́n gba kóòṣì tiwọn, Jim Valvano, àti Kóòṣì K síṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan náà, ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, ọ̀kan gbé ife, èkejì gbé ìtìjú.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ tiwa. Ta ni àwọn aládùúgbò méjèèjì yìí nà kí ife tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́? Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston. Chapel Hill na Houston 68 sí 63 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní 1982. North Carolina State nà wọ́n 54 sí 52 ní àṣekágbá ọdún 1983, bí aago ṣe ń parí ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wọlé. Bàbá wa ṣì máa ń kanra bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, bí ẹni pé àná ni. Hakeem náà, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́tì. Nígbà tó dé Houston ní 1980, odidi sáà kan ló lò lọ́dọ̀ Guy Lewis, kóòṣì rẹ̀, láìgbá ìdíje kankan. Ká ní wọ́n ti dá a padà sí Èkó lọ́dún náà ni, ta ni ìbá ṣáájú Houston Rockets gba ife NBA ní 1994 àti 1995?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Durham. Ní oṣù kẹta ọdún 1983, Virginia na Duke 109 sí 66. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n tún gba fìlà orí wọn. Àwọn olówó tó ń náwó fún ẹgbẹ́ náà ní kí Kóòṣì K máa lọ. Tom Butters, ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní Duke, ni gbogbo ojú wá ń wò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń pariwo kí wọ́n lé e, àdéhùn ọdún márùn-ún mìíràn ló gbé fún un.

Ṣé orí Butters dàrú ni? Rárá o. Ẹ wo àwọn tí Virginia nà lọ́jọ́ náà. Johnny Dawkins, Mark Alarie, Jay Bilas, David Henderson: jáḿbáìtì ni gbogbo wọn, 1982 ni wọ́n wọlé. Ẹni tó sì dúró níwájú wọn ni Ralph Sampson, òmìrán tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, tó wà ní ọdún tí yóò fi gboyè. Ta ló ń fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wé ẹni tó ti ń sáré? Ní sáà tó tẹ̀lé e, Duke borí nígbà 24. Nígbà tó di 1986, tí àwọn jáḿbáìtì yẹn ti di àgbà, wọ́n borí nígbà 37, ìgbà 3 péré ni wọ́n pàdánù. Louisville ló nà wọ́n 72 sí 69 ní àṣekágbá. Ife fúnra rẹ̀ kò dé títí di 1991. Ọdún kọkànlá! Lẹ́yìn náà ló wá ń dé léraléra: 1992, 2001, 2010, 2015. Nígbà tí Kóòṣì K fẹ̀yìn tì ní 2022, iye ìgbà tó ti borí jẹ́ 1,202.

Chapel Hill tó ń fi Duke ṣe yẹ̀yẹ́ náà kò mọ́ lọ́rùn. Ọdún 1961 ni wọ́n gba Dean Smith níbẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ní 1965, nígbà tí ẹgbẹ́ náà padà dé láti ibi tí wọ́n ti nà wọ́n, wọ́n bá ère kan tí wọ́n ṣe ní àwòrán kóòṣì, tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, tó ń mì dirodiro nínú ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló ṣe é. Ife tó gbà ní 1982 yẹn ni àkọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún. Láti 1986, orúkọ rẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ń jẹ́. A máa ń ronú lórí àwọn tó so ère yẹn, níbi tí wọ́n jókòó sí nínú gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ẹnìkan bi wá ní ìpàdé pé Rena Wakama ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní 2023 ni wọ́n fi í ṣe olórí kóòṣì D'Tigress, kò tíì ṣe olórí kóòṣì fún ẹgbẹ́ kankan rí, lọ́dún náà gan-an ló gba ife Áfíríkà ní Kigali. Ní 2024, ó kó wọn dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Òlímpíìkì ní Paris, ibi tí ẹgbẹ́ básíkẹ́tì Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí. Ó tún gba ife Áfíríkà ní 2025. Ó kéré, kò ní ìrírí, ó sì mókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: àwọn obìnrin tó ti gba ife yẹn ní 2017, 2019 àti 2021. Iṣẹ́ ńlá ni kí èèyàn gba ilé aláruru lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ kó má sì jẹ́ kó wó, a kì í ṣe abùkù fún un. Ilé tí wọ́n gbé fún Bọ̀dá Kóòṣì ńkọ́? Nínú márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, mẹ́rin ló ti gboyè lọ. Ilẹ̀ kọnkéré tó ti sán la fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù méjì ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń ṣe ìdánrawò, ọ̀kan nínú rẹ̀ kì í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi ń jáde.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní fún Kóòṣì K kan, kóòṣì mélòó ni wọ́n fún ní sùúrù tí kò so èso kankan? Òótọ́ ni, àwọn yẹn kì í sì í wọ ìtàn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí ẹnikẹ́ni di ojú sùúrù. Butters mọ ohun tó ń wò. Àwa ńkọ́, kí là ń wò yàtọ̀ sí ayò?

Nítorí Bọ̀dá Kóòṣì ní ẹ̀bi tirẹ̀, a ó sì sọ ọ́ sí i lójú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ọmọ mẹ́fà péré ló máa ń lò, bó bá di ìdá kẹrin eré ẹsẹ̀ wọn á ti wúwo bí òkúta, àwọn tó jókòó á máa wò. Ó bú ọmọ kan lójú gbogbo èrò títí omi fi bọ́ lójú ọmọ náà. Ìyẹn kò dára, ó yẹ kó tọrọ àforíjì. Kò sì gba ìmọ̀ràn lẹ́nu àgbà. Kóòṣì tó fẹ̀yìn tì ṣì wà nínú ìlú yìí, kò lọ kí i rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A kò mọ bí ọgbọ́n ọmọdé nìkan ṣe fẹ́ dá ẹgbẹ́ básíkẹ́tì. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún ṣe lọ́dún yìí, láìsí ife, láìsí owó. Bó bá di òpin sáà tí àwọn ọmọ kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá fún wọn lọ́rùn, tí wọ́n ń sá fún ìdánrawò, tí àgbà kan kò sì tíì jókòó tì í, àwa fúnra wa ni yóò mú bírò wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ara wa náà. Púpọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí òkè Ọya, nígbà tí a kọ́kọ́ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yìí, báwo ni Yorùbá wa ṣe rí? Arábìnrin kan dìde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó fẹ́ sọ pé òun ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé òun lọ sí Kàdúná, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ń wá ọkọ. Ilé rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé kí wọ́n yọ ọ́. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa báyìí, òun ló sì máa ń bá wa tún àmì ohùn ṣe.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a ó gbé ìwé tiwa wá. Kò ju ojú ewé kan lọ: kí wọ́n fún Bọ̀dá Kóòṣì ní sáà méjì, kí wọ́n bẹ kóòṣì àgbà kó máa jókòó tì í, kí wọ́n ra bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni yóò buwọ́ lù ú. Balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí gan-an, ti ní òun yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Màíṣáyì náà ní òun yóò fọwọ́ sí i, bí a bá kọ́kọ́ san gbèsè indomie.