Sùúrù Oníṣègùn Yàtọ̀ sí Ìjáfara Aláìsàn

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì lórí àrùn páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí ń sun omi tí ń da oúnjẹ.

Bí òkúta inú òróòro bá dínà omi yìí, tàbí bí ọtí àmujù bá ba ẹ̀yà ara náà jẹ́, omi náà a máa jẹ ilé ara rẹ̀. Inú rírun kíkan lókè ikùn, tí ó gba ẹ̀yìn já, pẹ̀lú èébì, ni àmì rẹ̀. Bí ó bá le, ẹran ibẹ̀ a kú. Kòkòrò àrùn a sì lè wọ inú òkú ẹran náà.

Látijọ́, ńṣe ni àwọn dókítà ń la ikùn láti kó o kúrò. Ìwádìí Nẹ́dálándì tí ó jáde ní 2010 fi hàn pé ìdá 69 nínú 100 àwọn tí a là báyìí ni ó kú tàbí ni ìjàǹbá ńlá bá. Lára àwọn tí a kọ́kọ́ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọyún inú wọn, kí a tó ronú kan ọ̀bẹ, ó jẹ́ 40.

Ní 2018, wọ́n fi ọ̀nà ẹnu wé iṣẹ́ abẹ ojú kékeré. Rọ́bà tí iná wà lórí rẹ̀ gba ọ̀fun wọ àpò oúnjẹ, ó lu ògiri rẹ̀, ó sì kó ìdọ̀tí náà jáde. Kò dín ikú kù, ṣùgbọ́n jíjò omi páńkíríàsì wálẹ̀ láti 32 sí 5 nínú 100. Ní 2021, wọ́n rí i pé kíkánjú fa ọyún náà kò ní àǹfààní lórí dídúró. Nínú àwọn tí a ní kí wọ́n dúró, oògùn apakòkòrò nìkan tó fún ìdá 39 nínú 100.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi èyí gbọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn, lábẹ́ ojú dókítà, ni sùúrù yìí ti wúlò. Ọmọ Yorùbá tí irú inú rírun bẹ́ẹ̀ bá mú ní Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Potakọ́ọ̀tù, tí ó ń gbé oògùn oníkẹ́míìsì mì, tàbí tí ó ń dúró de mọ́tò tí yóò gbé e lọ sílé, ìjáfara ni ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ni ó dá a dúró, ó ti hàn báyìí pé ọ̀bẹ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí ìjọba rí i pé irinṣẹ́ yìí, àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò, wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí kì í jáfara láti dá owó gbígbé òkú lọ sílé, kí ó tètè máa dá owó gbígbé alààyè dé ilé ìwòsàn.