Ọ̀fẹ́ fún Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní àkókò yìí: pé ìmọ̀ gbogbo ayé ti di ọ̀fẹ́, àti pé ọmọ tí kò bá mọ̀wé nísinsìnyí, ọ̀lẹ ni. Wọn a ní, "Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ni? Ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kò ti gba ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìdajì òtítọ́ a sì máa ṣini lọ́nà ju odindi irọ́ lọ.

Kí n kọ́kọ́ yin ẹni tí ìyìn yẹ. Ní ọdún 2001 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò kó àwọn ẹ̀kọ́ òun síta fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ní 2002, àádọ́ta ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ó ti lé ní 2,500. Yale tẹ̀ lé e ní 2007. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó gbọ́ ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, tàbí àlàyé lórí Májẹ̀mú Láéláé, tàbí ọ̀rọ̀ lórí owó àti ọjà, láìkọ orúkọ sílẹ̀, láìṣe ìdánwò. Ọrẹ ńlá ni, ẹni tí ó bá sì fi ojú tín-ín-rín wò ó, abaraámóorejẹ ni.

Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Gilbert Strang, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní MIT, tí a gbà sílẹ̀ ní 1999. Ọkùnrin náà kò lo ohun ìyanu kankan. Ṣọ́ọ̀kì ni, pátákó ni, ohùn pẹ̀lẹ́ ni. Ó ń kọ ọ́, ó ń dúró, ó ń bi àwọn ọmọ léèrè bí ẹni pé òun gan-an kò tíì mọ ìdáhùn. Ó fẹ̀yìn tì ní 2023, síbẹ̀ ó ṣì ń kọ́ àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí ó dúró níwájú pátákó náà. Ẹ má ṣe gbàgbé ṣọ́ọ̀kì yẹn. N ó tún mú un wá.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni ń jẹ nínú àsè yìí? Ní 2012 ni Harvard àti MIT dá edX sílẹ̀, tí ariwo sì gba ayé pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti dé ojúlé gbogbo òtòṣì. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2019, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 2017 sí 2018, bí mẹ́ta péré ni ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn ará ilẹ̀ olówó ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wọlé. Ní 2021, wọ́n ta edX fún ilé-iṣẹ́ kan ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ti owó dátà, èmi kò tilẹ̀ ní sọ ọ́, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé yìí kò ní gbà á.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan wa jù lọ ni ti Yunifásítì California ní Berkeley. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn adití kan ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ lábẹ́ àwòrán, àti pé ọ̀jọ̀gbọ́n a kàn máa la ẹnu, a máa pa á dé, ni lójú tiwọn. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Ní 2016, àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà dá wọn láre. Kí ni yunifásítì náà wá ṣe? Ní 2017, ó kó ohun tí ó lé ní 20,000 kúrò ní gbangba, ó sì tì í mọ́ inú ọgbà ara rẹ̀.

Ariwo sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dá àwọn adití lẹ́bi, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, nítorí ènìyàn díẹ̀, gbogbo ayé pàdánù." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Adití kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tì í. Ohun tí adití béèrè kò ju kí a fún òun náà ní ìjókòó nínú ilé tí a ní ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 2022 ni yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìjọba ṣe àdéhùn pé òun yóò tún nǹkan wọ̀nyí ṣe. Ẹ rò ó wò: láti ọdún 2016 dé ọdún 2022.

Àwa náà ńkọ́? Ìyá tí ń ta ata ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣàìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n Yale ń wí? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òye ìṣirò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dán lẹ́nu rẹ̀, kí ni Strang ń ṣe lójú rẹ̀ bí kò ṣe kí ó la ẹnu kí ó sì pa á dé? Níwájú ọrọ̀ yìí, adití ni ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni etí wa kò sì ní àrùn kankan. Àwọn adití Amẹ́ríkà mọ̀ pé a fi nǹkan du àwọn. Àwa ń pàtẹ́wọ́.

Bí a bá wí báyìí, àwọn kan a dáhùn pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀, kí ó wá ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* kà, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984. Kí ó sì rántí pé kí odindi Bíbélì tó jáde ní èdè wa ní 1884, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó kí wọ́n máa sunkún pé ọ̀rọ̀ kò tó. Wọ́n wá a, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà, wọ́n ṣẹ̀dá èyí tí kò sí.

Àwọn mìíràn a ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yóò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó burú jù, nítorí pé ìjọba pàápàá ti gbà á gbọ́: ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀ ni a ti dán an wò, lórí ilẹ̀ wa níhìn-ín! Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ta ni ó ka àbájáde náà nínú àwọn tí ń pàṣẹ lónìí?

Ti pé owó kò sí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Strang. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni. Olùkọ́ wo ni kò ní wọn? Fóònù tí ó lè ya àwòrán tí ń rìn wà nínú àpò ọ̀pọ̀ nínú wa, òun ni a sì fi ń ya ìnáwó àti ìsìnkú láti òwúrọ̀ di alẹ́. MIT fúnra rẹ̀, nígbà tí ó rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìpamọ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì ní Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ tiwa náà lè wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì kékeré, kí ó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Kétu, láìná dátà.

Ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni ní yunifásítì láti ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ń fi Yorùbá kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé. Èwo nínú ẹ̀kọ́ wọn ni ẹni tí ó wà ní ìta ọgbà lè rí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lónìí? Kí wọ́n dá wa lóhùn. Kí olùkọ́ ìṣirò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ yín má sì dúró dè wọ́n: ẹ̀kọ́ ìdá nínú odindi ni kí ó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, kí ó sì fi iṣu tàbí ọsàn ṣe àpẹẹrẹ, kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ fún àwọn adití, kí ó má sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.