Ògiri Tuntun, Ògiri Àtijọ́: Ẹ Má Kánjú So Wọ́n Pọ̀

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀ffà, láti Ìkìrun dé Ìnísà títí wọ Òkukù, ẹ ó rí ilé alámọ̀ tí àwọn baba kọ́, tí àwọn ọmọ ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kún.

Ohun rere ni. Kò yẹ kí ìyá tó ti dàgbà máa rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èrò tiwa náà nìyẹn nígbà tí a kọ́ yàrá àti ilé ìwẹ̀ kún ilé bàbá wa ní Òkukù. Bíríkìlà gbẹ́ ihò sára ògiri alámọ̀, ó ki búlọ́ọ̀kù bọ̀ ọ́, ó sì rẹ́ ojú rẹ̀ dán. Nígbà òjò ọdún kejì, ògiri lanu láti òkè délẹ̀ ní oríkèé náà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní tiwa, omi ló kọ́kọ́ wọlé, yàrá ìyá wa ló sì wọ̀.

Kí ló fà á? Ilé àtijọ́ ti jókòó sórí ilẹ̀ tipẹ́. Ìpìlẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò jókòó sí ni. Bí ọ̀kan bá ń rì díẹ̀díẹ̀ tí èkejì sì dúró, ibi tí a ti so wọ́n yóò ya. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ máa ń wú bí ó bá mumi, á sì sún kì bí ó bá gbẹ, ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Nítorí náà, bí ògiri àtijọ́ bá jẹ́ alámọ̀, ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí yàrá tuntun ní ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí àlàfo tó ìbú ìka kan sì wà láàárín wọn. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo àlàfo náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ kàn án mọ́. Ẹnu ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa gbà wọlé. Kí páànù tuntun wọ abẹ́ ti àtijọ́, kí òjò má bàa rí oríkèé náà.

Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, tí ìpìlẹ̀ méjèèjì sì jìn bákan náà, a lè so wọ́n: ẹ gbẹ́ ìpele kan, ẹ fò ìkejì, kí búlọ́ọ̀kù tuntun wọ inú àtijọ́ bí eyín.

Bí ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì jìn kọjá ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ògiri má bàa wó lu òṣìṣẹ́. Ẹ gbẹ́ abala kúkúrú, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ tó gbẹ́ òmíràn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a tún tiwa ṣe, owó méjì lórí iṣẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé láti Èkó tàbí òkè òkun, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù, ẹ bi bíríkìlà yín pé: báwo lẹ ó ṣe so ògiri méjèèjì?