Oògùn Ayédèrú ní Onitsha: Ta Ni Ń Kọ́ Kòkòrò Àrùn ní Ọgbọ́n?

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC, tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọjà oògùn Ogbo-Ogwu pa. Ẹsẹ̀ afárá Odò Ọya ni ọjà náà wà, ní ìlú Onitsha, Ìpínlẹ̀ Anambra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀ràn ará òdì kejì odò nìkan ni, nítorí ní àkókò kan náà ni àjọ yìí ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ní Èkó, tí ó sì ti ti Ariaria ní Aba. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí fún Onitsha. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ni ó jẹ́ olórí NAFDAC. Ọmọ Anambra kan náà ni, síbẹ̀ ó ti ọjà náà pa. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì ayédèrú ni ó pa àbúrò òun obìnrin ní ọdún 1988. Bí wọ́n bá ti ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjìdínlógún nítorí ẹ̀sùn kan náà, ó yẹ kí ará ìlú bèèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa oògùn ayédèrú ni pé aláìsàn kò ní sàn, tàbí pé yóò kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi mìíràn wà tí ó fara sin, tí ó sì ń ran ẹni tí kò ra oògùn kankan rí ní Onitsha. Inú ara ni ènìyàn gbọ́dọ̀ wò kí ó tó lè yé e.

Nínú ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ìbáà ṣe kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, ìlànà bí ara yóò ṣe rí wà ní àkọsílẹ̀ bí ìwé. Ara a máa da ìwé yìí kọ, ẹ̀dà rẹ̀ a sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ráíbósóòmù. Ògbufọ̀ ni ráíbósóòmù í ṣe. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń kà. Bí ó bá ti ka mẹ́ta, a mú ègé kan nínú oríṣi ogún tí ó wà, a so ó mọ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀, títí okùn náà yóò fi di purotéènì. Purotéènì ni ínsúlínì tí ń tọ́jú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì ni èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yí padà nínú ìwé náà ni ó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ògbufọ̀ kò ṣìnà níbẹ̀. Ohun tí ó bá nínú ìwé ni ó kà.

Ògbufọ̀ inú kòkòrò àrùn kò rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti inú ènìyàn, ìyàtọ̀ yìí sì ni àwọn oògùn kan ń lò láti gbógun ti kòkòrò. Tetracycline a lọ jókòó sí ibi tí ó yẹ kí ègé tuntun bọ́ sí. Chloramphenicol kì í jẹ́ kí ègé kan so mọ́ èkejì. Erythromycin a dí ihò tí okùn purotéènì ń gbà jáde. Gentamicin ní tirẹ̀ a máa mú kí ògbufọ̀ ka ìwé ní àṣìkà, kí purotéènì rẹ̀ má wúlò. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Venkatraman Ramakrishnan, Thomas Steitz àti Ada Yonath, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi bí ẹ̀rọ yìí ṣe rí hàn. Àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀pà tí ènìyàn ń bù jẹ o: chloramphenicol lè ba mùdùnmúdùn egungun jẹ́, gentamicin sì lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́.

Nígbà tí oògùn bá pé, tí ó sì pẹ́ tó lára aláìsàn, kòkòrò kì í rí àyè sá. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó wà nínú kápúsù bá jẹ́ ìdajì, tàbí tí ooru ti bà á jẹ́ nínú ìsọ̀ onípáànù, àwọn aláìlágbára ni yóò kú. Àwọn alágbára yóò ṣẹ́kù. Àwọn kan nínú wọn mọ bí a ti ń ti tetracycline jáde kúrò nínú ara wọn. Àwọn mìíràn a fi àmì kékeré sára ògbufọ̀ wọn, kí erythromycin má rí ibi dì mú. Wọn a fi ọgbọ́n yìí lé ọmọ lọ́wọ́, wọn a sì tún fún kòkòrò aládùúgbò wọn. Báyìí ni chloramphenicol, tí ó ti jẹ́ gbòógì oògùn ibà táífọ́ọ̀dù nígbà kan, ṣe di aláìwúlò ní ibi púpọ̀. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 nìkan, ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò tí kò gbóògùn mọ́ pa ní àgbáyé. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ga jù lọ: ó lé ní ènìyàn 27 nínú 100,000.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọlọ́jà nìkan. Ẹni tí ó ní ìgbẹ́ gbuuru tí ó lọ ra kápúsù méjì ní kẹ́míìsì, tí kò sì lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó tú kápúsù, tí ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò dọ́gba. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ gidi sára páálí ìdajì oògùn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ aláìmọ̀kan.

Títi ọjà pa dára, kò sì tó. Oníṣòwò olóòótọ́ ń jìyà pẹ̀lú ọ̀bàyéjẹ́, àwọn tí ó ń kó ayédèrú wọlé sì ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣètò tipẹ́ pé kí wọ́n kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Èkó, Kano, Aba àti Onitsha lọ sí ibùdó tí àwọn apòògùn yóò máa bojú tó. Kano ṣe é ní ọdún 2024, wọ́n kó lọ sí Dangwauro. Onitsha ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, kí ìjọba Anambra má sì fi ilé tútù tí oògùn nílò falẹ̀.

Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí olùrà fi lè họ ara páálí oògùn, kí ó fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, kí ó sì mọ̀ bóyá gidi ni. Kí olùrà máa lò ó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò lè sọ fún un bóyá oògùn náà ni ó yẹ àrùn rẹ̀; ìyẹn di ọwọ́ dókítà àti ilé àyẹ̀wò.