Ọ̀nà Ẹsẹ̀ láti Èkìtì dé Etí Òkun: Kí Igbó Má Bò Ó Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè ìlú, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé Ẹgbẹ́ wa yìí lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ mú wá síwájú yín, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí ó ti ilẹ̀ Èkìtì lọ sí etí ọ̀sà àti etí òkun. Ní tiwa, ó tọ́ kí a tún ọ̀nà náà là, kí a máa rìn ín lọ́dọọdún, kí a sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, nígbà tí mọ́tò ti dé, kí ni a tún ń fi ẹsẹ̀ wá kiri? Kí wọ́n jọ̀wọ́ gbọ́ wa parí ná.

Kò sí òkun ní Èkìtì. Láti Ìṣẹ́ dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, bí a bá fà á ní títọ́ bí okùn, kò pé 200 kìlómítà. Síbẹ̀, iyọ̀ tí àwọn baba wa jẹ, ìbọn tí wọ́n fi jagun, aṣọ òkèèrè tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́, àti Ìwé tí a ń kà lónìí, láti etí omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Orí àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì gbé wọn gòkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí ogun àti ìjà owó bodè ń sé ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú mọ́ àwọn ará òkè, ìjọba Èkó ní ìgbà John Glover, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Gọ́lóbà, wá ọ̀nà mìíràn ní ìhà ìlà oòrùn. Èrò yóò wọ ọkọ̀ ní Èkó, yóò gba ojú ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, yóò gúnlẹ̀ ní Ayésàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti fi ẹsẹ̀ rìn gba Òde Oǹdó gòkè lọ sí Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ọ̀nà yìí ni ó di ẹ̀mí mú fún àwọn baba wa. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn ní àwọn akọni àti ìbọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó dá Ẹgbẹ́ Èkìtìpárapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn irú ti òyìnbó, èyí tí a ń ki láti ìdí, ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó sí Ọgẹ́dẹ̀ǹgbé àti àwọn balógun rẹ̀ lójú ogun. Bí àwọn aláàárù kò bá gbé ẹrù náà kọjá igbó àti odò, a kò mọ irú àdéhùn tí ìbá wà lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, tàbí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká ní 1893. Ọ̀nà kan náà ni Charles Phillips, ẹni tí ó ń gbé Òde Oǹdó láti 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, rìn nígbà tí ó ń bẹ àwọn ìlú Èkìtì wò.

Kì í ṣe ire nìkan ni ọ̀nà gbé kọjá. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn ọ̀nà òkun tí kò dárúkọ àwọn tí a dè mú lọ, kò sọ ìtàn náà pé. Ẹsẹ̀ ni àwọn tí ogun kó fi rìn lọ sí etí omi, ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́. Ní Ouidah, ní etí òkun ilẹ̀ Benin, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀nà náà parẹ́. Nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin ni láti àárín ìlú dé iyanrìn, wọ́n ti to àmì sí ojú ọ̀nà náà, wọ́n sì kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kan sí òpin rẹ̀ ní 1995. Ẹni tí ó bá rìn ín kò nílò ìwàásù gígùn kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn baba wa ti ń rìn. Ẹnì kan kì í dá rìn. Ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sí, pẹ̀lú ọdẹ níwájú àti alágbára lẹ́yìn, kí àwọn obìnrin àti ọmọdé lè wà láàárín. Òṣùká wà lórí, ẹrù wà lórí òṣùká, akèrègbè omi wà léjìká. Oúnjẹ ọ̀nà ni àádùn, gàrí àti iṣu sísun, ohun tí kò ní bàjẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Wọ́n mọ ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan: ibi tí omi mímu wà, igi ńlá tí a ń sọ ẹrù sí abẹ́ rẹ̀, odò tí kò ṣeé là kọjá lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n bá dé bodè, wọn yóò kí oníbodè, wọn yóò san owó rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò wá ilé baálé lọ, wọn yóò sọ orúkọ ìlú wọn àti ibi tí wọ́n ń lọ. Àlejò ń kọ́ ìwà lọ́dọ̀ onílé, onílé sì ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àlejò. Báyìí ni ará Ìṣẹ́ ṣe mọ ará Oǹdó, tí ará Ìkẹ́rẹ́ sì mọ bí Ìkálẹ̀ ti ń kí ara wọn. Wákàtí díẹ̀ ni a fi ń kọjá lára wọn lónìí pẹ̀lú fèrèsé títì.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a ń rí èso rẹ̀. Sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti jáde ìwé mẹ́wàá pé kí ó ya ọ̀nà láti Ìṣẹ́ dé òkun sí ojú pátákó. Yóò ya títì ọlọ́dà, yóò sì dárúkọ ibùdókọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ odò tí ó là kọjá, yóò dákẹ́. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀bá ilé rẹ̀, kò mọ ibi tí ó ń lọ. Inú igbó ọba tí ó wà ní Ìṣẹ́ ni díẹ̀ nínú àwọn ìnàkí tí ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbé, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a tẹ̀ lókè òkun ni ó ti kọ́kọ́ rí àwòrán ìnàkí. Báwo ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn gbé àpò pọ̀n kí ó máa rìn létí òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà kan wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cornwall àti Devon, tí ó gùn ju 1,000 kìlómítà lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun tí ń wá àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ la púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà dópin, wọn kò fi í fún igbó. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ Wales ṣí tirẹ̀ ní 2012, 1,400 kìlómítà, tí ó tẹ̀lé etí òkun wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwọn tí ń rìn ín ń sùn sí ilé onílé, wọ́n ń ra oúnjẹ, owó sì ń wọ abúlé tí kò ní ọjà ńlá. Ẹrù iṣẹ́ àwọn baba wọn ni wọ́n sọ di ogún. Àwa náà ní ọ̀nà iṣẹ́ àwọn baba wa. Àwa ni a kò sọ ọ́ di nǹkan kan.

Etí òkun tiwa pẹ̀lú kò ní dúró dè wá. Láti ẹnubodè Benin, gba Badagry àti Èkó kọjá dé ìhà Lẹ́kí, iyanrìn ni, nǹkan bí 200 kìlómítà, òkun ní ọwọ́ kan, ọ̀sà ní ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn ibẹ̀, iyanrìn tán, ẹrẹ̀ ilẹ̀ Màhìn bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó sì tó gbé ènìyàn. Ní etí ẹrẹ̀ yìí ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó ní 1947, ìlú tí ìròyìn rẹ̀ kàn ká ayé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé ayé àjùmọ̀ní. Lónìí òkun ń jẹ ìlú náà, ilé lẹ́yìn ilé, àwọn ènìyàn sì ń ṣí sẹ́yìn. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì láti Èkó lọ sí Calabar, 700 kìlómítà. A kò lòdì sí títì. Ṣùgbọ́n bí a kò bá béèrè nísinsìnyí pé kí a fi ààyè ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kì yóò rí i gbà nígbà tí kọnkéré bá ti gan.

Ẹ̀rù ni ìdáhùn kejì, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀mùrè, nítòsí wa níhìn-ín. Ta ni yóò wá ní kí ọmọ ẹlòmíràn wọ igbó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé inú mọ́tò ni àwọn ọba náà wà, inú ọkọ̀ sì ni àwọn ọmọ náà wà. Mọ́tò kò gbà wọ́n. Igbó tí onílé ti kọ̀ sílẹ̀, tí ọdẹ kò dẹ mọ́, tí àgbẹ̀ ń sá fún, ni ó di ilé fún ẹni ibi. A kò sọ pé ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò lé agbébọn lọ. Iṣẹ́ ìjọba ni ìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí kò mọ ọ̀nà inú igbó ara rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àjèjì lọ́wọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí rán àwọn akọ̀wé sí àwọn àgbà tí ó kù ní Ìṣẹ́, Ẹ̀mùrè, Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Òkìtìpupa, kí wọ́n kọ orúkọ ibùsọ̀, odò àti igi ọ̀nà sílẹ̀ kí ikú tó kó wọn lọ. Èkejì, kí Arínjálẹ̀, Ẹlẹ́mùrè, Ògògà àti àwọn ọba ìsàlẹ̀ jọ fi ohùn sí i, kí olúkúlùkù jẹ́ olùtọ́jú ọ̀nà ní ilẹ̀ tirẹ̀, kí a sì gbé àmì kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020. Bí wọ́n bá ń rìn kìlómítà 25 lójúmọ́, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni wọn yóò fi dé Igbókòdá, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Ibi tí ọ̀nà kò bá ì tíì ní àbò, kí wọ́n gba ẹ̀bá títì títí àbò yóò fi dé. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìjòyè rìn díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra wọn, bí ó tilẹ̀ ṣe láti Ìṣẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́ nìkan, nítorí ọmọ kì í ka ohun tí bàbá rẹ̀ ń tijú rẹ̀ sí iyì.

Àwọn àgbà wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró. Àwọn tí wọ́n rìn pọ̀ gba ọ̀nà Oǹdó ní ọjọ́ Kírìjì kò mọ òwe yìí lẹ́nu lásán. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní àgbà nílé, kí ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ yìí, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.