Ẹ̀sùn sí Àwọn Tó Ń Ta Láptọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta láptọ́ọ̀pù ni mo fẹ̀sùn kàn. Ẹ ń sọ fún oníbàárà pé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ inú ọjà yín wò.

Àkọ́kọ́ ni ti kọ́kọ́rọ́ àgbà, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ sọ́fútíwià tó láṣẹ láti jí òun. Ilé-iṣẹ́ American Megatrends, tó ń ṣe sọ́fútíwià tó ń jí ẹ̀rọ, ṣe ọ̀kan fún ìdánwò lásán, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọkàn tán an. Ìkìlọ̀ yẹn wà níbẹ̀ gbangba, síbẹ̀ ẹ gbé e lọ sọ́jà! Acer, Dell àti Gigabyte wà lára àwọn tó ṣe é. Lọ́dún 2022, kọ́kọ́rọ́ náà já sórí GitHub, ibi tí gbogbo ayé ti ń pín kóòdù, ọ̀rọ̀ aṣínà oníhóró mẹ́rin péré ni wọ́n fi tì í. Ọdún 2024 ni Binarly, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ààbò ẹ̀rọ, tó tú àṣírí yìí, wọ́n sì rí ipa rẹ̀ títí dé ọdún 2012. Ọ̀daràn tó bá ní in lọ́wọ́ lè ti fìdí kalẹ̀ kí Windows tó jí. Ta ló ka ohun tí wọ́n kọ yẹn nínú yín?

Ẹ̀sùn kejì kan Lenovo. Láti 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, wọ́n kó Superfish, sọ́fútíwià ìpolówó kan, sínú láptọ́ọ̀pù tuntun nítorí owó ìpolówó. Superfish ń dúró láàárín èèyàn àti báńkì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló sì ń lò lórí gbogbo ẹ̀rọ: ẹni tó rí ti ọ̀kan ti rí ti gbogbo wọn.

Intel náà ní tirẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà kékeré kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà wa, a ò lè wo inú rẹ̀, a ò sì lè pa á tán. Lọ́dún 2017, Intel fúnra rẹ̀ gbà pé ihò wà lára rẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe láti ta láptọ́ọ̀pù tí èèyàn lè yẹ inú rẹ̀ wò. Àwọn tó ń ṣe Qubes OS, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ààbò ṣáájú, ń fún láptọ́ọ̀pù ní ìwé ẹ̀rí. Kí láptọ́ọ̀pù tó gbà á, sọ́fútíwià tó ń jí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè kà, irú coreboot. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbohùngbohùn inú rẹ̀, bó bá jẹ́ ti USB. Ẹni tó ń tà á kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà inú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan náà. Nitrokey ní Jámánì mú ThinkPad X230, ògbólógbòó ẹ̀rọ Lenovo, wọ́n fi coreboot sí i, ó sì gba ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ̀rọ yín ni! Ilé-iṣẹ́ kékeré ló ṣe ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó kọ̀ láti ṣe.

Ẹ ṣí sọ́fútíwià tó ń jí ẹ̀rọ yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí pé kọ́kọ́rọ́ ta ló wà nínú ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà.